Ìyá Kì í Rí Òkú Ọmọ

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ẹnu mi ti mú jù fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ní áísíyù tiwa, níbi tá a ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, bí èèyàn ò bá lẹ́nu, àwọn ará ilé á ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀kan á fẹ́ fi ẹ̀kọ bọ́ ẹni tí rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, òmíràn á fẹ́ da omi àdúrà sí i lẹ́nu. Ariwo ni mo fi ń lé wọn.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mú nǹkan kan wá ní tiẹ̀. Àkọ́bí oníṣòwò obì kan ni, ní Ṣàgámù níbí. Níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nínú orí rẹ̀, tó sì ṣubú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ni ẹ̀rọ ti ń bá a mí. À ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Bí mo bá fẹ́ fọ ẹnu rẹ̀, màá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu yín ni mo fẹ́ fọ̀ o." Kò lajú rí láti ìgbà tó ti dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, dókítà àgbà pe obìnrin náà jókòó. Ó ní ọpọlọ bàbá ti ń kú lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì ti ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀. Kí wọ́n pe ẹni tó bá yẹ kó rí i. Nígbà tí dókítà lọ tán, mo bi í pé ta ló kù tí wọn ò tíì pè.

"Ìyá wọn," ó ní. "Ibido ni màmá wà, nínú Ṣàgámù níbí náà. A ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. A ní Bàbá gbé obì lọ sí Kánò."

"Èé ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ Rẹ́mọ ṣáà ni yín. Èèwọ̀ ni kí ìyá rí òkú ọmọ."

Inú bí mi. Kì í ṣe èèwọ̀ náà ló bí mi nínú o. Nílé wa ní Ìpẹru, àwa náà ń pa á mọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn, wọ́n fi pa mọ́ fún ìyá mi. Nígbà tó kú, wọn ò fi ibojì rẹ̀ hàn án. Títí dòní, ìyá mi ṣì máa ń bi mí bóyá ó jẹun kó tó lọ.

"Òkú wo?" Mo pariwo débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú. "Ṣé òkú ló ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Òkú ọmọ ni èèwọ̀, ọmọ kì í ṣe èèwọ̀! Bí bàbá bá lọ tán, ẹ ò ní jẹ́ kí màmá rí wọn mọ́ láéláé. Ẹ lọ gbé wọn wá jàre!"

"Tí wọ́n bá wá kú lójú màmá ńkọ́?" ó ní. "Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni gbogbo ẹbí máa dá lẹ́bi."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú ọkàn mi rọ̀. Mo sọ fún un pé èmi fúnra mi á dúró ti ẹ̀rọ tó ń fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ hàn. Bó bá ti fẹ́ já wálẹ̀, kíá ni màá mú màmá jáde. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n gbé màmá wá.

Màmá dé, ó fọwọ́ lé èjìká obìnrin náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ló fi kí mi. Ọmọ-ọmọ ní, "Màmá, ẹ má bínú, Kánò tá a sọ yẹn..."

"Kánò kẹ̀? Ìgbà wo lọmọ mi lọ Kánò láìkọ́kọ́ wá kí mi? Mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń wò níran."

Kò sunkún. Ó jókòó, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fi oríkì pè é, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tún tó pè é nínú ilé náà mọ́. Ó ní òjò ti ń rọ̀ ní Ibido. Ó bá a wí pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún jù.

Èmi ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. Ìfúnpá tó ti ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀ dúró. Ó sì gòkè díẹ̀. Ayọ̀ gbé mi, mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe: "Màmá, ọmọ yín gbọ́ ohùn yín o! Ara wọn ti ń le! Ẹ jókòó, ẹ má lọ o!" Ọmọ-ọmọ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó dìde.

"Rárá, ọmọ mi," ó sọ fún mi. "Ó ń fi agbára mú ara dúró ni. Kò fẹ́ kú lójú mi. Mo kọ́ ọ dáadáa, ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni." Ó tún aṣọ bò ó láyà. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé, kó lè sinmi."

Ó jáde, kò wẹ̀yìn. Mo di ọwọ́ tó fi sílẹ̀ yẹn mú, mo ń sunkún. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ti lọ.