Omi Gbígbóná Tí Mo Bù Sẹ́sẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi yìí ṣe. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ kí omi má bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ìyá mi wá láti Ìfọ̀n sí Ọ̀wọ̀ láti bá mi wẹ ọmọ. Àwọn ló kọ́ mi pé ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń dán omi ọmọ wò. Wọ́n á ní, "Àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, kí ló tún mọ̀?"

Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ń lo oògùn wọn o! Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn kú tipiri, pé bí ẹni ń rìn lórí òwú ni. Èmi ní ọjọ́ orí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, a wẹ ọmọ tán, wọ́n ní kí n bu omi tó kù sí bésìnì, ẹsẹ̀ ń tutù. Wọ́n ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́.

"Bùnmi, omi tútù lo bù fún mi yìí. Àbí èyí tó gbóná, o ń tọ́jú ẹ̀ de ọkọ ẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo bu òmíràn sí i látorí iná. Wọ́n ní kò tíì tó. Mo tún bù ú. Ooru ń rú, àwa ń tàkúrọ̀sọ. Ṣé ẹni tó ń jóná máa ń rẹ́rìn-ín ni? Mi ò ki ìka kan ṣoṣo bọ omi yẹn!

Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Àṣé ẹsẹ̀ ti lé ròrò, wọ́n fi pamọ́ kí n má baà ní kí wọ́n má wẹ ọmọ mọ́. Òórùn ló tú àṣírí. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, awọ bá a wá.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó bu omi. Mo ní èmi ni. Dókítà ní ṣúgà ló pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà, pé ó sì máa ń jẹ́ kí egbò pẹ́ jiná. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dúdú, dúdú yẹn sì ń gòkè látọmọ ìka. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Màmá ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, àwọn ló ní kí n bù sí i. Ṣùgbọ́n ta ló bù ú?

Èmi ni mò ń wẹ ọmọ báyìí. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á na ẹsẹ̀ kan tó kù. Bí mo bá ti gbé omi kalẹ̀, wọ́n á ní, "O ti fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà bọ omi gbígbóná. Omi ìwẹ̀ wọn gan-an, ẹ bá wọn dán an wò. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́, títí dé àárín ọmọ ìka. Bí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré, ọsibítù ni! Ẹ má dúró de ìrora, kò ní wá.

Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nílé? Ẹ sọ tiyín síbí. Ẹ má tijú, èmi náà ti sọ tèmi.