Ọmọ Odó Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn Mi

Bí ẹ bá dé Ìkéré tí ẹ béèrè ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé gẹdú, tó ń dá gbé pákó tí ọkùnrin méjì ò lè gbé, ilé mi ni wọ́n máa mú yín wá. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ìdílé àti ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú ló ń kọ́. Àwọn tí a jọ ń gé gẹdú ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Alágbára, ṣé ọbẹ̀ sísè ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yẹn níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ sè.”

Lọ́dún kẹta, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kó mú ilé kan, kó máa lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ilé bíríkìlà tó dojú kọ tiwa ló mú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ń lu ìyàwó. Bó bá ti lù ú, àwọn àgbà á jókòó, obìnrin á kúnlẹ̀ bẹ ọkọ, wọ́n á ní kó wọlé. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ó tán.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, mò ń pọ́n ẹ̀rọ mi níta. Obìnrin yẹn ń gúnyán, ọmọ mi jókòó tì í. Ọkọ dé, ó tọ́ iyán wò, ó ní kókó wà níbẹ̀. Ó já ọmọ odó gbà. Ìró tí mo gbọ́ kì í ṣe ìró iyán. Egungun ni.

Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, apá obìnrin náà ti ń rọ̀ dirodiro, ọmọ mi sì ti fi ara rẹ̀ bò ó. Bíríkìlà tún gbé ọmọ odó sókè.

“Akọ̀wé, kúrò lórí ìyàwó mi, kí n má baà fọ́ orí ẹ!”

Mo gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀. Mo gbé e, mo fi í na ilẹ̀. Ó gé mi lọ́wọ́ jẹ, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Mo tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọmọ odó sókè. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Ọmọ mi dì mọ́ ẹsẹ̀ mi.

“Bàbá mi, ó ti tó! Ẹ wá mọ́tò tó máa gbé obìnrin yìí lọ ọsibítù. Lọ́la, tí wọ́n bá ní kó padà sílé, ẹ má gbà. Tó bá tún padà, òkú ẹ la máa gbé jáde.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà jókòó síwájú ilé mi. Wọ́n ti di apá obìnrin náà. Imú ọkọ wú bí àkàrà.

“Kó wá bẹ ọkọ rẹ̀, kó padà sílé,” ni àbúrò bàbá ọkọ wí. “Àwọn oníwèé wọ̀nyí ló ń tú ilé ká.”

Gbogbo wọn wá yíjú sí mi.

“Kò ní kúnlẹ̀,” ni mo wí. “Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìgbàrà-Odò. Ẹni tó bá fẹ́ dí wọn lọ́nà, kó kọ́kọ́ bá mi jà.”

“Ṣé ọmọ ẹ ló wá ń pàṣẹ fún ẹ?”

“Ọmọ mi ni. Ẹ mú tiyín wá, ká gbọ́ tiẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin náà dé, wọ́n kó ẹrù rẹ̀, wọ́n mú un lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bíríkìlà wá. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ odó mi.”

“Ìyàwó ẹ ló ni ín. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn mi ló máa wà títí wọ́n á fi wá gbà á. Ìwọ lọ tẹ ẹ̀bà.”

Ọmọ mi ka ohun tó kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ sí mi létí: aládùúgbò kan gba obìnrin náà sílẹ̀. Aládùúgbò kan! Èmi! Mo ní kó tún un kọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í dárúkọ èèyàn.

Nígbà tí egungun yẹn jinná, àbúrò obìnrin náà wá gba ọmọ odó. Ìgbàrà-Odò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà báyìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gúnyán.