Ọwọ́ Tí Ràfíù Fi Gba Dẹ́bíìtì

Ọjọ́ tó dájú pé n óò rántí wọ sàréè ni ọjọ́ tí èsì ìdánwò akáǹtì èmi àti Ràfíù, tí a jọ ń gbé yàrá ní Ìsọlọ̀, jáde.

Nígbà tí a ń múra, Ràfíù fa ìwé mi ya, ó fi wé àkàrà. Mo gbé ìbínú mi mì. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó dé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó gba nǹkan là ń kọ sí dẹ́bíìtì. Apá wo nínú ìwé akáǹtì wá ni dẹ́bíìtì?"

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ọwọ́ wo ló fi ń gba nǹkan?"

"Ọ̀tún ni o!"

"O ti yege!"

Bẹ́ẹ̀, apá òsì ni dẹ́bíìtì wà nínú akáǹtì òyìnbó.

Èsì dé, mo yege. Ràfíù fìdí rẹmi, ó ké débi pé awakọ̀ rélùwéè Òṣòdì rò pé fèrè ni, ó dá ọkọ̀ dúró. Mo ra àkàrà, mo fi ìwé èsì rẹ̀ wé e.

"Àbúrò, ó yá, fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á."