Obìnrin Tó Ń Fọ Jẹ́sì Ẹgbẹ́

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Ìyá Jẹ́sì ti ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú. Ọkọ rẹ̀, tó ń gé koríko pápá ìṣeré, ló bá a wá iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé tó mú ọkọ lọ, iṣẹ́ ò bá a lọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé àpò méjì wá fún un: jẹ́sì, ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀. Yóò dà wọ́n sílẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, yóò ṣà wọ́n ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, kó tó rẹ wọ́n sínú bááfù.

Ẹni tó ń fọṣọ èèyàn, díẹ̀ ló kù tí ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá Jẹ́sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni aṣọ́lé máa ń fi ṣubú, torí ẹrẹ̀ kì í kan apá ọ̀tún aṣọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin ń fi jẹ́sì nu imú. Ó mọ ẹni tó máa ń jẹ ọrùn aṣọ rẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, kò sì sí ẹni tó bi í.

Pákó lásán ló pààlà láàárín yàrá tó ti ń fọṣọ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ló sì jẹ́ ilé ìgbìmọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò ní ṣàì dé etí rẹ̀. Nígbà tí sáà tuntun ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ariwo wọn ò jẹ́ kó gbọ́ rédíò mọ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára wọn tó máa ń gbé ìwé dání, inú rẹ̀ ló kọ èsì gbogbo ìdíje sí.

"Ipò kọkànlá la wà lọ́dún tó kọjá," Tíṣà ló ń sọ̀rọ̀. "Góòlù mọ́kànlélógójì ló wọlé wa. Ilé tí ò nílẹ̀kùn, ẹ wá ní kí ewúrẹ́ má wọ̀ ọ́?"

"Ẹ pa ìwé yẹn dé, Tíṣà." Káfíńtà nìyẹn, àbúrò Ìyá Jẹ́sì, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. "Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìṣirò. Ta ló ni Abẹ́rẹ́? Ṣebí àwa ni! Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lọ́dún yìí, a ó gbé e fún wọn mì."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe atamátàsé wọn, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń gba ibi tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Onígbàjámọ̀ gbé kílípà sókè, ó fẹ́ dá sí i. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gé apá kejì orí mi ná. N ò lè gbé ìdajì orí relé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Jẹ́sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí aṣọ yẹn ti ń dé bó ṣe lọ: ojú áyọ́ọ̀nù ṣì dúró gán-an lápá rẹ̀, òórùn ọṣẹ ló ń run, kò run òógùn. Báńdéèjì gígùn kan ló sì bá nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó ti bi ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́. Ìyẹn wẹ̀yìn kó tó dáhùn.

"Màmá, orúnkún ni. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde síta kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì tán. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú bááfù, inú bááfù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú sí."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Jẹ́sì wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà rín Káfíńtà fín títí ara rẹ̀ fi gbóná. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ gbọ́ o! Bí Abẹ́rẹ́ ò bá gbá mẹ́wàá wọlé kí sáà tó dé ìdajì, èmi ni n óò máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí láràárọ̀ títí sáà á fi parí. Mo fi ọmọ ìyá mi búra!"

Ìyá Jẹ́sì jáde tòun ti ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. "Àbúrò mi, má búra. Ẹyin lọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," Káfíńtà dáhùn. "Jẹ́sì lẹ mọ̀, ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀rín sọ. Ìyá Jẹ́sì padà sídìí bááfù, ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, ó sá a.

Sáà bẹ̀rẹ̀. Ìdíje kìíní, kò sí Abẹ́rẹ́. Ẹ̀kejì, kò sí i. Kí wọ́n tó gbá ẹ̀kẹta, rédíò kéde pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó di oṣù mẹ́fà. Káfíńtà ò dúró de ìdajì sáà. Lọ́jọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀. Ọkùnrin tó lé láàádọ́ta ọdún, ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ló ń gbá irun orí onírun.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, olùtọ́jú ẹrù gbé àpò wá bó ti máa ń ṣe. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn pákó. "Màmá, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ pa ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn mọ́."

Bó ṣe lọ tán ni Káfíńtà wọlé tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń wò mí, mo búra?"

"Mo ní kí o má búra."

"Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀!"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí mi níkàáwọ́ kì í ṣe tèmi. Bí oníbàárà bá ní kó o kan bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó tuntun, ṣé wàá lọ sọ fún ìyálé?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Káfíńtà ì bá rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó jáde. Fún ọ̀sẹ̀ méje, kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Jẹ́sì á máa gbọ́ fáá-fáá ìgbálẹ̀ lẹ́yìn pákó, òun náà kò pè é. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá sọ fún àbúrò rẹ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ gbogbo ìlú á ti gbọ́. Kò rí ibi tó ti ṣàṣìṣe, síbẹ̀ oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn méjèèjì máa ń jọ jẹ, kò wọlé sí i lára mọ́.

Káfíńtà ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀, àṣírí tó tú yìí ló sì gbé èèyàn wá bá a. Tíṣà ló kọ́kọ́ dé.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n. Aṣọ́lé wa ńkọ́? Ara rẹ̀ dá?"

"Tíṣà, aṣọ mélòó lẹ mú wá?"

Kò mú ìkankan wá. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan wá. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, ọkùnrin mẹ́jọ ti kó ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dé, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kí i. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà fún wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n rí gbà.

Nígbà tí Tíṣà dé lẹ́ẹ̀kẹrin, Káfíńtà sọ̀rọ̀ láti òdì kejì pákó. "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ jàre! Èmi tá a jọ mu ọmú kan náà ò rí i gbà lẹ́nu wọn, ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì gbà á?"

Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàárọ̀, ọmọ ìyá mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́." Ó ń wo àwọn jẹ́sì tó wà lórí okùn. "Ṣé ẹ ti wo ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí?"

"Ọjọ́ wo ni mo ráyè? Bí wọ́n bá ń gbá a, àdúrà pé kójò má rọ̀ ni mo máa ń gbà."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì jọ lọ. Ẹgbẹ́ wọn gbá ọ̀mì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Káfíńtà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Jẹ́sì ò pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lórí pápá. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Káfíńtà bi í léèrè ohun tó rí sí i.

"Nọ́ńbà mẹ́ta ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà," ni Ìyá Jẹ́sì wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tì í. Ìwọ bá mi wò ó, ẹrẹ̀ ìṣubú márùn-ún tó kù yẹn, ṣé òun ló máa fọ̀ ọ́?"