Ọjọ́ tí Máyọ̀wá Bá Ìyàwó Rẹ̀ To Fáìlì

Bí ẹ bá dé Ìkọ̀lé tí ẹ béèrè Jọmílójú tó ń to ohùn fíìmù, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òjò ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, adìyẹ tí kò gbọ́ pé wọ́n ń ya fíìmù ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti orúkọ tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tó bá ti gbé ohùn sókè tàbí tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ti há a sórí; tó bá tún ṣí i, àwọn bọ́tìnì á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn.

Máyọ̀wá ọkọ rẹ̀, akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì níbi iṣẹ́ ìjọba ní Ìyè, kì í rí ohun tó rí wúruwùru kó má tò ó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó yí orúkọ gbogbo ohùn padà, ó tò wọ́n ní a-b-d, ó sì da èyí tó pè ní pàǹtí nù. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Máyọ̀wá kò wo ilé kankan.

Jọmílójú dé, ó ṣí iṣẹ́. Bọ́tìnì ń gòkè, bọ́tìnì ń sọ̀kalẹ̀, ohùn kankan kò jáde, nítorí kọ̀ǹpútà kò rí orúkọ tó mọ̀ mọ́. Aago mẹ́rin ni Olúdáre tó ni fíìmù ń bọ̀ wá gbà á, ó sì ti pe gbogbo ìlú wá wò ó lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Ìtùnú, kí lẹ ṣe sí uṣẹ́ mi?"

"Mo bá ọ tò ó ni. Ṣé kò dáa?"

Orí ló bá a ṣe é: akọ̀wé náà ti kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun sínú ìwé. Ó ń kà á, ìyàwó ń dá a padà, títí ó fi ku ẹyọ kan: bàbá arúgbó inú fíìmù tó ń hanrun nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń yọ́ jáde nílé.

"Èyí yẹn? Mo ti dà á nù. Ta ló ń hanrun báyẹn?"

Ẹ̀rín pa Jọmílójú. "Ẹ̀yin náà mà ni! Ojú oorun ni mo ti gbà á sílẹ̀."

Kíá ló gúnyán. Máyọ̀wá jẹun tán, ó nà sórí ẹní, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé tó ń sùn lọ́sàn-án. Kò tíì sọ ọ́ tán tí imú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyàwó gbé máìkì sún mọ́ ọn, ó gbà á, ó fi í sí ìlà tó ṣófo. Bí ọmọ inú fíìmù ṣe ń fẹsẹ̀ lélẹ̀ ni bọ́tìnì ń gbé ìhanrun náà sókè láti bò ó mọ́lẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Inú Jọmílójú dùn débi tó fi pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń sùn.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìlú rẹ́rìn-ín títí nítorí bàbá tó ń hanrun. Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ń kọjá lójú aṣọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù, ti Máyọ̀wá náà wà níbẹ̀. Ó fẹnu sí ìyàwó rẹ̀ létí.

"Wọn ò to orúkọ wọ̀nyí ní a-b-d o."

Jọmílójú di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, kó má baà dìde lọ tò ó.