Omi Kò Tíì Gbọ́

Omi tútù ya wọ inú aṣọ mi láti ẹ̀yìn ọrùn, ó sì ṣàn gba ọ̀pá ẹ̀yìn mi lọ sísàlẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo dúró ní ojú ọ̀nà odò pẹ̀lú ìkòkò lórí, mo ń ṣírò bí omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi, tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ewé gbígbẹ. Ìkòkò tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ bí ti ẹni tó ń lọ sí ìsìn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "àwa ń ru omi lọ sílé, ìwọ ń wọ tìrẹ lọ sílé."

Ìyé la máa ń pè é, bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa ní Kàbà. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Obìnrin kúkúrú ni, ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán, ara rẹ̀ a sì máa ní òórùn èéfín igi àti ọṣẹ dúdú. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ orin ìjọ lórí, ó sì máa ń kùn wọ́n nínú ọ̀fun bó ti ń ru omi bọ̀.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ìyá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí náà omi ilé di iṣẹ́ mi. Baba mi ti fi mí sí ilé-ìwé ìjọ wa, ṣùgbọ́n ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún mi: àmù gbọ́dọ̀ kún kí agogo ilé-ìwé tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Bí n kò bá lè ṣe é, kí n dúró sílé títí ọmọ náà yóò fi rìn. Mo sì mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti dúró sílé de ọmọ tí yóò rìn. Ọmọ náà rìn, ó sáré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko. Àwọn kò padà sí kíláàsì mọ́.

Omi tí mo ń dà sọ́nà kì í jẹ́ kí àmù kún. Mo máa ń padà sí odò lẹ́ẹ̀kan sí i, agogo á sì dún bá mi lọ́nà. Baba mi ti ń rí i. Kì í ṣe òǹrorò, àmọ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi di òpin ọ̀sẹ̀ náà.

Mo kọ́kọ́ rò pé òṣùká mi ni kò dúró dáadáa, mo sì ká òmíràn. Mo tún rò pé òkúta ojú ọ̀nà ni. Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé ibi kan náà ni omi ti ń dà lójoojúmọ́, ibi tí mo bá ti pàdé àgbà. Ọmọ kankan kò lè kọjá lára àgbà láìtẹ orúnkún kó sì kí i ní ìkíni tiwa, "Okun o." Èmi á máa yára bọ̀, mo bá rí àgbà, mo dúró gbagidi, mo tẹ orúnkún, omi á sì fò jáde.

Èyí tó le jù ni bàbá arúgbó kan tó máa ń tún agbọ̀n ṣe lábẹ́ igi irú. Ìkíni tirẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

"Okun o, ọmọ mi. Baba rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó ń wúkọ́ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ni yóò wo aṣọ mi. "Òjò tún pa ọ́ nínú ọyẹ́ yìí?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Ìyé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, mo bá a níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí. Mo bi í pé kí ló dé tí omi tirẹ̀ kì í dà. Ó da ẹ̀gúsí inú àtẹ rẹ̀ sínú igbá, ó gbé ọsàn kan lé àárín àtẹ náà, ó ní kí n fà á lójijì.

Mo fà á. Àtẹ bọ́ lọ lábẹ́ ọsàn, ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà.

"Dá ọsàn padà sórí àtẹ, gbé e báyìí, kí o máa bá a lọ. Kí o wá dúró lójijì."

Mo gbé e, mo rìn, mo dúró. Ọsàn yí kọjá etí àtẹ, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń yí lọ.

"Ta ló tì í?" Ìyé bi mí.

"Ẹnì kankan ò tì í."

"Nígbà tí àtẹ ń lọ, ọsàn náà ń lọ. Àtẹ wá dúró. Ta ló sọ fún ọsàn?"

Mo wo ọsàn náà. Mo wo àtẹ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé kan fún mi. "Omi kò tíì gbọ́ pé mo ti dúró," mo ní.

"Kò tíì gbọ́," ni Ìyé wí. "Etí omi di. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa sọ fún un, bí o bá fẹ́ lọ àti bí o bá fẹ́ dúró. Bí ìkòkò bá sì ti wúwo tó ni etí rẹ̀ ṣe di tó."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n jókòó. Mo ta ọsàn náà lórí iyanrìn àgbàlá, kò pẹ́ tó fi dúró. Mo ta á nínú yàrá Ìyé, níbi tó ti fi ẹbọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì yí débi ògiri. Mo padà wá bi í pé kí ló mú un dúró kíákíá lórí iyanrìn.

"Iyanrìn dì í mú."

"Bí kò bá wá sí ohun kankan tó dì í mú ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀. "Mo ti ń wo òṣùpá láti kékeré," ó ní, "n kò sì rí ẹni tó ń tì í. Bóyá Olúwa ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Èmi ò mọ̀. Mú ọsàn mi wá kí n jẹ ẹ́, kí o tó fi ilẹ̀ bó o tán."

Ní ọjọ́ kejì, mo rìn lẹ́yìn rẹ̀ láti odò, mo sì tẹ́tí sí i. Orin rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rọlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọlẹ̀. Láti ìdí igi máńgòrò kan tó jìnnà díẹ̀ sí igi irú, nígbà tí bàbá alágbọ̀n kò tíì gbójú sókè, ó ti ń fa orin náà gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrú. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, kò sí ìdúró kankan tí mo lè fọwọ́ tọ́ka sí. Ó ń rìn, lẹ́yìn náà kò rìn mọ́. Ewé tútù tó fi lé orí omi rẹ̀ kò mì. Mo bi í ohun tí ewé náà ń ṣe, ó ní ìyá òun ló ń fi í síbẹ̀, òun náà sì ń fi í síbẹ̀.

Èmi náà já ewé lé tèmi. Ọrùn mi ṣì tutù lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò tó ti àná.

Òpin ọ̀sẹ̀ pé. Mo ń ru ìkòkò ìkẹyìn bọ̀ nígbà tí agogo àkọ́kọ́ dún láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé. Gbogbo ara mi ló fẹ́ sáré. Ẹsẹ̀ mi tilẹ̀ ti fò lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbọ́ tí omi gbá etí ìkòkò. Mo fi orin Ìyé sẹ́nu. Mo fi í yára díẹ̀díẹ̀, mo sì tún fi í rọlẹ̀ láti ìdí igi máńgòrò.

"Okun o, Baba," mo ti ń wí láti òkèèrè.

Ó dáhùn. Ó béèrè baba mi, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ohun tí kò ṣe rí, ó sì yí po mi láti wo ẹ̀yìn aṣọ mi. "Òjò ò rọ̀ lónìí," ó ní. "Máa lọ, agogo ń pè ọ́. Má dúró ti àgbàlagbà tó ń sọ ìsọkúsọ."

Baba mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù nígbà tí mo dé. Ó bá mi sọ ìkòkò kalẹ̀, ó dà á, omi náà gòkè títí ó fi kan ẹnu àmù, ewé mi sì léfòó lórí rẹ̀. Agogo kejì kò tíì dún. Baba mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ mi, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Síléètì rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. Ó ti nù ún mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé ohun tó bá dúró yóò máa dúró, ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ, àyàfi bí agbára kan bá tì í, tàbí tó fà á, tàbí tó dì í mú. Mo gbé kálàmù mi sílẹ̀. Òórùn ẹ̀gúsí wọ imú mi. Olùkọ́ náà sọ ti òṣùpá pẹ̀lú, pé ayé ń fà á ni kò fi lọ tààrà kó sọnù. Mo gbé èyí lọ sílé fún Ìyé nígbà ìsinmi bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. "Ó dára," ó ní. "Ta wá ló kọ́kọ́ ta á?"

Àtẹ àti ọsàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé inú àgbàlá obìnrin yẹn ni mo ti kọ́kọ́ béèrè ohun tí n kò mọ̀. Ọkọ̀ kì í dúró lójijì kí ara mi sì máa lọ síwájú, kí n má rántí rẹ̀. Bí mo bá sì ní ìròyìn tó wúwo láti sọ fún ẹnìkan, láti ìdí igi máńgòrò ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ikú tirẹ̀ kò bá wa bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, kò jí. A sin ín pẹ̀lú orin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo mú ìkòkò rẹ̀, mo lọ sí odò, mo já ewé lé orí omi, mo kí bàbá alágbọ̀n, tó wo ilẹ̀ dípò kó béèrè ewúrẹ́, mo sì ru omi náà dé ẹnu ọ̀nà Ìyé kí n tó rántí pé kò sí mọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo sì dà á sínú àmù rẹ̀ títí ó fi kún.