Ọjọ́ Tí A Lọ sí Ibi Àìpadàbọ̀

Inú ń bí mi sí erékùṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ mo sì mọ̀ pé erékùṣù náà ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Àbúrò mi obìnrin ló ní ká lọ. Físà rẹ̀ ti jáde, ó ku díẹ̀ kó fò lọ sí Kánádà, ló bá ní òun ò lè jẹ́ ọmọ Èkó kí òun má dé Àgbádárìgì rí. Ṣàkì ni mò ń tà ní ọjà ẹran Oko Ọba, mi ò ráyè fàájì, àmọ́ mo ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà torí pé Mọ́mì fẹ́ rí òkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ lé bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége, ojú wọn ò kan òkun rí. Bí wọ́n bá lọ sílé, àwọn ẹbí á máa ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun." Òkun wo? Gọ́tà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Nígbà tí a dé Àgbádárìgì, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù náà. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa ká má bàa rì ń rùn bí aṣọ tí kò rí oòrùn. Mọ́mì di apá mi mú, wọ́n ń pe Ọlọ́run lábẹ́nu títí a fi gúnlẹ̀. A wá ń fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, lábẹ́ igi àgbọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri fi kànga kan hàn wá, ó ní omi rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí a yọ sí òkun, Mọ́mì dúró sójú kan. Wọ́n ní, "Ṣé omi ni gbogbo èyí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn mọ́ látìgbà náà.

Wọ́n kọ́ òpó méjì sí iwájú òkun náà bí ẹnubodè. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní, "Ibi Àìpadàbọ̀ nìyí. Ẹrú tó bá ti kọjá ibí, ó lọ nìyẹn." Ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́mì. Wọ́n gbá àbúrò mi lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ má kọjá níbẹ̀. Èrò ọ̀nà ni ọ́."

"Mọ́mì, fọ́tò lásán ni."

"Orúkọ ń ro ni. Má kọjá níbẹ̀."

Ó já ọwọ́ gbà, ó kọjá, ó na apá méjèèjì, ó ní kí n máa yà á. Mọ́mì dúró lẹ́yìn òpó, wọ́n ń pè é, gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, oríkì mọ́ ọn, kó lè dáhùn, kí orí rẹ̀ lè mọ ọ̀nà ilé. Àwọn tó wá wòran yíjú sí wa, àwọn kan gbé fóònù sókè. Àbúrò mi ò dáhùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó yọ, kò gba àárín wọn padà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dójú tì mí." Òun náà ló máa ń ní òórùn ṣàkì ò jẹ́ kí òun lè mú ọ̀rẹ́ wálé. Ṣàkì yẹn ló rán an dé yunifásítì o.

Ó lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá wa kú, kò wá. Ó ní ìwé ìgbélùú òun ò tíì pé. Lẹ́yìn náà ni ojú Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, dókítà sì sọ fún wa pé ó máa fọ́ pátápátá. Àtìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu wọn: kí ọmọ àwọn wá, kí àwọn rí i kí ojú tó lọ. Wọ́n á sọ fún un lórí fóònù pé, "Ohùn rẹ dùn, àmọ́ ojú rẹ ni mo fẹ́ rí." Á ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, Mọ́mì." Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á ní iyanrìn yẹn ló dì í lẹ́sẹ̀ mú. Wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n bẹ alùfáà kó bá àwọn tú u sílẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ó kúkú rọrùn láti bínú sí iyanrìn.

Ní Disẹ́ńbà tó kọjá yìí, mò ń fọ ṣàkì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan tí òun àti àbúrò mi jọ lọ sílé ìwé wá ra ẹran. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú àlejò o. Inú Mọ́mì á mà dùn gan-an."

Mo ní àlejò wo. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú. Àbúrò mi rèé nínú fọ́tò ní etí òkun Lẹ́kí, ó wọ dígí dúdú, ó di àgbọn mú, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó wà lára àwọn fọ́tò náà fi hàn pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó ti wọ̀lú. Fàájì ìparí ọdún ló bá wá. Ó ti fi gbogbo fọ́tò náà pa mọ́ fún wa, kò jẹ́ kí wọ́n hàn lórí fóònù tiwa.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "A dúpẹ́ o. Ó wà nílé, ó ń sinmi." Kí ni ǹ bá sọ? Láti Lẹ́kí sí Agége, èèyàn á lọ, á bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mi ò mọ iye ẹran tí mo gé fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò mi pè. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, a ò ní lè rí ojú ara wa. Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo gbé fóònù sí iwájú Mọ́mì. Wọ́n béèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń ṣe é sí.

"Ó pọ̀, Mọ́mì. Yìnyín ti bo gbogbo ìta."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má jáde láìwọ ṣúwẹ́tà o. Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Mo wo ojú Mọ́mì tó ti ń funfun, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù pa ọmọ àwọn sílẹ̀ àjèjì. Èmi ni mò ń ṣe àmín.